Àwọn Igún Orí Ògiri Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níwájú alápatà kan ní Oko Ọba, mo ní kí ó gé ẹran ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún mi. Ohun tó gé kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo bi í bóyá ó gbàgbé ìyókù sórí tábìlì ni, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹ dé ọjà kẹ́yìn.” Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹran sísì, ìdajì ṣílè, ni Màámi máa ń rán wa lọ rà, ẹran náà a sì kún abọ́ tánganran títí dé etí. Alápatà a tún ju ègé ṣàkì kan lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ènì, kò ní jẹ́ kí a bẹ òun. Pọ̀nmọ́ tí àwọn èèyàn ń ná bí ẹni ń ná góòlù lónìí, oúnjẹ ẹni tí kò rí ẹran rà ni nígbà náà. Fùkù àti ìfun wẹ́wẹ́, ẹni tó bá wù ló ń kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ènìyàn kò fẹ́, tí ajá náà sì jẹ kù, àwọn igún ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹran mi nínú ọ̀rá, tí mo ń rántí ọdún tí àwọn igún gba ògiri ilé wa.

Ilé Ìyá Àgbà ni ilé náà, ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Agége, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà sí ìtòsí ojú irin, ògiri ẹ̀yìnkùlé wa sì kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, kí ibẹ̀ tó di gbàgede ńlá tó dà lónìí. Ohùn ládàánì ló máa ń kọ́kọ́ jí wa, fèrè ilé-iṣẹ́ láti apá Ìkejà a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin tó ń kó màlúù bọ̀ láti Òkè Ọya a fọn tirẹ̀. Bàámi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ariwo ẹ̀rọ sì ti mú kí ó máa pariwo bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé, bí ẹni pé odò kan wà láàárín òun àti àwa. Èmi àti Ràfíù àbúrò mi ni à ń pọn omi. Màámi ń dáná, òórùn ẹ̀kọ gbígbóná a sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbá ẹ̀yìnkùlé, ó ní àwa ọmọdé kàn ń fi ìgbálẹ̀ yọ ilẹ̀ lẹ́nu ni. Bí mo bá ronú kan ilé náà báyìí, ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni.

Bàbá Sàlíù, olórí àwọn alápatà, ló mú Àǹtí Dúpẹ́ wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin ará Èkìtì ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà ọkùnrin, ó sì so awò onígò méjì tí a fi ń wo ohun tó jìnnà mọ́ ọrùn. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ń bọ̀. Bàbá Sàlíù sọ fún Ìyá Àgbà pé ọmọ náà ń wá yàrá kan tí kò jìnnà sí igi àràbà tí àwọn igún ń sùn sí, nítorí pé igún ló wá wò. Ìyá Àgbà ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Màámi ti wọ ilé ìdáná lọ kí ó má bàa rẹ́rìn-ín lójú àlejò. Ìyá Àgbà wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó bi í pé ṣé àwọn òbí rẹ̀ mọ̀. Àǹtí Dúpẹ́ kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní wọ́n mọ̀, pé gbogbo ìlú òun ló tilẹ̀ dáwó jọ láti rán òun lọ sí yunifásítì. “Láti wo igún?” ni Ìyá Àgbà bi í. Àǹtí Dúpẹ́ ní wọn kò mọ̀ pé igún ni, ẹranko ni òun sọ fún wọn. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fún un ní yàrá tó kọjú sí kànga.

Ohun tó fẹ́ mọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ni bí igún ṣe ń mọ ibi tí oúnjẹ wà àti ìgbà tí yóò wà. Ṣé ojú ara rẹ̀ ló ń lò, àbí ẹnìkejì rẹ̀ ló ń wò? Àwọn ọmọ alápatà fi àwọ̀n bá a mú mélòó kan, ó sì fi ọ̀dà kun apá wọn kí ó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwa la fún wọn lórúkọ. Èyí tó ní ọ̀dà pupa ni Lánlọ́ọ̀dù, nítorí pé kò sí ibi tó bà sí tí kò ní lé ẹni tó bá níbẹ̀ kúrò. Èyí tó ní ọ̀dà funfun, tó máa ń dúró títí gbogbo wọn yóò fi jẹ tán, ni a pè ní Ìyàwó Kékeré. Àwọn alápatà náà fún Àǹtí Dúpẹ́ lórúkọ. Bí ó bá ti yọ, wọ́n á máa kígbe pé “Ìyàwó Igún, ọkọ yín ti jẹun o.” Òun náà a dá wọn lóhùn pé ọkọ òun dára jù wọ́n lọ, kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ lórí òṣùwọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà kò lọ. Yóò jókòó sábẹ́ àràbà láti òwúrọ̀, àwọn igún yóò jókòó sórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní ṣe nǹkan kan tó yẹ ní kíkọ. Wọ́n á fò lọ sí ibi ẹran, wọ́n á jà, wọ́n á padà. Yóò wọlé nírọ̀lẹ́, yóò wẹ ẹsẹ̀, yóò sì jókòó ti ẹ̀bà rẹ̀ láìjẹ ẹ́. Ìyá Àgbà ń wò ó. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le: àlejò òun wá wo ẹyẹ, ẹyẹ kò sún mọ́ ọn. Ó lọ bá Bàbá Sàlíù, ó ní kí ó máa fi ohun tí wọ́n bá jù nù ránṣẹ́ sí òun lójoojúmọ́. Bí ó bá ti kírun Àsárì ní aago mẹ́rin tán, tó ká ẹní rẹ̀, yóò wọ ẹ̀yìnkùlé lọ pẹ̀lú abọ́ ńlá kan tó fi aṣọ bò, yóò sì da ẹran náà sí ìdí ògiri. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ń pọ̀ ju ti ìyókù lọ, nítorí sàráà. Kò pẹ́ tí àwọn igún fi mọ ọ̀nà. Wọ́n rí i pé ẹ̀yìnkùlé wa kò ní ajá, kò ní ìjà, kò sì sí alápatà tí yóò ju òkò.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún Àǹtí Dúpẹ́. Kì í ṣe pé a fi pamọ́. Ìyá Àgbà gbà pé ìwà àìdáa ni kí ènìyàn máa ka oore tó ń ṣe fún àlejò sí àlejò náà létí. Omi tí ó ń wẹ̀, ta ló ń sọ fún un pé a pọn ọ́n? Aṣọ ibùsùn rẹ̀ tí Màámi ń fọ̀, ta ló ń ròyìn rẹ̀? Bí ti igún náà ṣe rí nìyẹn. Ní wákàtí yẹn, Àǹtí Dúpẹ́ wà lábẹ́ àràbà, ó ń rí i pé wọ́n dìde, wọ́n sì rékọjá òrùlé wa. Kí ó tó rìn dé ilé, ẹran ti tán, Màámi ti fọ abọ́, àwọn igún ti tò sórí ògiri, wọ́n na apá sí oòrùn. Ó rò pé oòrùn yẹn ni wọ́n ń wá yá.

Ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé òkèlè sókè, kò fi sẹ́nu, ó ní, “Ìyá, ẹ ò rí nǹkan. Bí aago mẹ́rin bá ti kọjá díẹ̀ báyìí, wọ́n á dìde, wọ́n á fi ẹran tó wà nílẹ̀ sílẹ̀. Ta ló ń sọ fún wọn?”

“Ọlọ́run ló mọ̀, ọmọ mi,” ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn, kò gbójú sókè nínú ọbẹ̀. “Ìwọ sáà máa kọ ọ́.”

Àǹtí Dúpẹ́ ní wọ́n tilẹ̀ mọ ọjọ́ Jímọ̀, pé wọ́n máa ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Bàámi pariwo láti ìdí oúnjẹ rẹ̀ pé bóyá Mùsùlùmí ni wọ́n. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àǹtí Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Nígbà tó lọ sí Ìbàdàn, ó ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ọ̀gá náà sì ní òun yóò wá fi ojú òun rí i.

Ọjọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, a gbá ilé, a tún un gbá. Màámi se ìrẹsì. Bàámi bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ ṣíìfù kí ó lè wà nílé kí àlejò. Ṣùgbọ́n òkú ṣẹlẹ̀ ní Onígbòǹgbò, ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà kan ló kú, kò sì sí bí kò ṣe ní lọ kí wọn. Ó ní òun yóò dé kí Àsárì tó tó. Ọkọ̀ tó gbé e bàjẹ́ lọ́nà. Ọ̀gá dé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, tó sì dọ̀bálẹ̀ kí ìyá arúgbó tó ń ta epo lẹ́nu ọ̀nà wa, èyí tó mú kí Bàámi gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun àti Àǹtí Dúpẹ́ jókòó sínú ìbòòji kànga. Ládàánì pè. Bí ẹni pé àwọn igún ló ń pè, wọ́n dìde lórí àràbà, wọ́n rékọjá òrùlé, wọ́n sì bà sórí ògiri níkọ̀ọ̀kan. Lánlọ́ọ̀dù lé ẹnìkan kúrò. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rí ojú Àǹtí Dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí èmi náà dé yunifásítì, mo rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí orúkọ wọn jáde lára pátákó èsì ìdánwò.

Ṣùgbọ́n àwọn igún kò na apá. Wọ́n jókòó, gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Oòrùn wà lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó yíjú sí i. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá fi ohùn kékeré béèrè pé, “Kí ni wọ́n ń wò?” Àǹtí Dúpẹ́ gbé awò rẹ̀ sójú, ó kọ ọ́ sí ilẹ̀kùn náà. Ìgbà náà ni Màámi ti ilẹ̀kùn yẹn jáde láti sá aṣọ. Gbogbo igún bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń fò tọ́ tọ́ tọ́ bọ̀ wá bá a, Lánlọ́ọ̀dù níwájú, Ìyàwó Kékeré lẹ́yìn pátápátá. Màámi gbé aṣọ tútù sí èjìká, ó na ọwọ́ òfìfo sí wọn bí a ti í ṣe sí ọmọ tó ń tọrọ oúnjẹ.

“Ẹ má bínú,” ló wí fún wọn. “Ìyá ò tíì dé.”

Ọ̀gá ṣí fìlà lórí. Ó fi ọ̀wọ̀ bi Màámi pé Ìyá wo ni. Màámi rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ni. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, abọ́, Bàbá Sàlíù, Àsárì, ti ọjọ́ Jímọ̀, ó tilẹ̀ wọlé lọ gbé abọ́ náà wá kí wọ́n rí bó ti tóbi tó. Àǹtí Dúpẹ́ jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sì gbé orí sókè.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní, “Dúpẹ́, ìyá tó ni abọ́ yìí lo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kì í ṣe igún.”

Ó jẹ ìrẹsì Màámi, nítorí pé ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ náà kí ó tó lọ: gbogbo ohun tí Àǹtí Dúpẹ́ ti kọ kò wúlò mọ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, bí kò bá rí nǹkan mìíràn tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú wá, wọn yóò gba àyè tó ní ní yunifásítì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó padà sílé lọ máa kọ́ ọmọ kéékèèké. Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Àgbà ti pàdé wọn. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó kọ́kọ́ rò pé ẹran ló bàjẹ́, pé àwọn igún ṣàìsàn. Nígbà tó yé e tán, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá sáré dì í mú, ó ní, “Ìyá, ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?” Ìyá Àgbà ní kí wọ́n bá òun wí, kí wọ́n má bá ọmọ náà wí. Ọ̀gá ní kò sí ẹni tí òun yóò bá wí. Èyí ló burú jù lójú Ìyá Àgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Dúpẹ́ di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí. Ìyá Àgbà gbé àga kékeré sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó jókòó, kò sì kúrò. “Bí o bá jáde báyìí,” ló wí, “inú ilé mi ni ayé rẹ ti bàjẹ́. Mi ò ní gbà.” Àǹtí Dúpẹ́ ní kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti ṣe. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, títí Màámi fi gbé oúnjẹ ọ̀sán kọjá láàárín wọn. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ lọ sí ibi tó ti máa ń kírun nínú ilé, ibẹ̀ ló tẹ́ ẹní sí, tó sì kírun Àsárì. Àwọn igún dé. Wọ́n tò, wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Láti ojú fèrèsé, Àǹtí Dúpẹ́ ń wò wọ́n. Ó yíjú padà sí ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

“Ìyá, kí ni wọ́n ń dá mọ̀ lára yín?”

Bí iṣẹ́ tuntun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní bí àwọn igún bá lè gbára lé ènìyàn kan tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ṣé aago ni, àbí aṣọ, àbí ìrìn, àbí abọ́? Ó tún fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó dẹ́kun, bí oúnjẹ kò bá wá mọ́. Màámi ró ìró Ìyá Àgbà, ó gbé abọ́ jáde. Àwọn igún mira, méjì bọ́ sílẹ̀, ìyókù dúró. Bàámi náà gbà láti wọ̀ ọ́. Mo ṣì rí i, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ó fi ìbòrùn ìyá rẹ̀ wé orí, ó ń rìn tìtìjú tìtìjú lọ sí ìdí ògiri. Bàbá Sàlíù ń wò ó láti òdìkejì, ó fi orúkọ tó ń pe Ìyá Àgbà pè é, ó ní, “Ìyá Mùdá, ọkọ yín dà?” Kò sí igún kan tó dá Bàámi lóhùn. Ó wọlé, ó ní ẹyẹ tí kò mọ èèyàn pàtàkì ni wọ́n.

Ó wá kan Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀. Àǹtí Dúpẹ́ fẹ́ kí ó gbé abọ́ òfìfo jáde, kí ó fi aṣọ bò ó bí ti tẹ́lẹ̀, kí ó sì padà láìda nǹkan kan sílẹ̀, lójoojúmọ́. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní òun kò lè fi aṣọ bo abọ́ òfìfo, kí òun gbé e lọ bá ẹni tó ń retí òun. Àǹtí Dúpẹ́ kò rọ̀ ọ́. Ó ṣàlàyé pé láìsí èyí, iṣẹ́ náà kò pé. Ní ọ̀la rẹ̀, lẹ́yìn Àsárì, Ìyá Àgbà ká ẹní, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́, ó fi aṣọ bò ó. Kò tíì jìnnà sí ilẹ̀kùn tí gbogbo wọn fi bọ́ sílẹ̀. Ó dúró láàárín wọn. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó padà wọlé, ó fi abọ́ síbi tó ti mú un, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ títí. Wọ́n ń dínkù. Ẹnu ya Àǹtí Dúpẹ́ pé Lánlọ́ọ̀dù, alágbára wọn, ló kọ́kọ́ fi wá sílẹ̀, àṣé níbikíbi tó bá lọ ni yóò ti jẹ. Ìyàwó Kékeré ló pẹ́ jù. Òun nìkan ló wá ń jókòó sórí ògiri gígùn náà, tó ń wo ilẹ̀kùn. Àǹtí Dúpẹ́ ń kọ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́. Nígbà tí Ìyàwó Kékeré náà kò wá mọ́, Ìyá Àgbà ní, “Ṣé ó ti tó báyìí?” Àǹtí Dúpẹ́ ní ó ti tó. Ọ̀gá ní Ìbàdàn gbà á, àyè rẹ̀ kò bọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ ní ọjọ́ tó lọ. Ó dì mọ́ Ìyá Àgbà pẹ́ títí, Ìyá Àgbà sì di ẹ̀kọ àti ẹran díńdín fún un láti jẹ lọ́nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, lẹ́yìn Àsárì, Ìyá Àgbà ní kí Ràfíù lọ gba ẹran lọ́wọ́ Bàbá Sàlíù. Ó kún abọ́, ó gbé e jáde, ó dà á sí ìdí ògiri, ó sì dúró. Àwọn igún wà lórí àràbà, a ń rí wọn. Kò sí èyí tó dìde. Ó ṣe é ní ọjọ́ kejì, ó gbé aṣọ orí abọ́ sókè kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe òfìfo. Eṣinṣin ló jẹ ẹ́. Màámi ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, pé oúnjẹ wọn pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn alápatà. Ìyá Àgbà ní òun mọ̀, pé kì í ṣe ti oúnjẹ. Títí tí mo fi kúrò nílé yẹn lọ sí ilé-ìwé gíga, igún kan kò bà sórí ògiri wa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Ìyá Àgbà kò jáde lọ wo orí ògiri náà.

Ìyá Àgbà ti lọ, ó ti pẹ́. Bàámi tẹ̀ lé e, Màámi tẹ̀ lé Bàámi. Bàbá Sàlíù kú lójú oorun, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń pa ẹran báyìí. Mo gbọ́ pé ọ̀gá láti Ìbàdàn náà ti dolóògbé. Wọ́n gé àràbà láti fi ṣe ọ̀nà. Ràfíù wà láàyè, ó ń gbé Ìjù, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Àǹtí Dúpẹ́ wà ní Adó-Èkìtì, ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ó sì máa ń fi fóònù pè mí, yóò bi mí bóyá mo rí igún kan lójú ọ̀run Agége, mo sì máa ń sọ òótọ́ fún un pé n kò rí. Èmi náà wà. Àwa mẹ́ta ló kù tó mọ ojú Ìyàwó Kékeré, bóyá òun fúnra rẹ̀ ṣì wà, n kò mọ ẹni tí n bá bi.